Àkísà Lẹ́sẹ̀ Adìẹ

Ní Kétu, lẹ́yìn ilé wa tó kọjú sí ọ̀nà Ìlárá,
ìyá mi Àwẹ̀ró kò mọ̀wé kọ,
ṣùgbọ́n gbogbo adìẹ rẹ̀ ló ní àkọsílẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Àkísà kan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún: tiwa ni, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Àkísà kan náà lẹ́sẹ̀ òsì: ó ń lọ sílé àbúrò mi,
yóò yé ẹyin níbẹ̀, yóò padà.
Àkísà mẹ́rin, ọ̀kan so mọ́ ìdí èkejì
bí ìrù ajá tó gùn jù:
ìkòkò ti ń dúró.

Mo dé láti Kútọnu lálẹ́ Jímọ̀,
eruku sẹ́míjàn ṣì wà ní ìpéǹpéjú mi.
Ó béèrè iṣẹ́ mi, bó ti máa ń béèrè,
bí ẹni ń béèrè àlàáfíà ọkọ ọmọ tí kò wù ú.
Lọ́tẹ̀ yìí, adìẹ ni mo fi dá a lóhùn.

Mo ní: Ìyá, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo,
tí orí abẹ́rẹ́ tóbi jù ú lọ fíìfíì,
àgbàlá ni. Purotéènì ló ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ níbẹ̀,
òmíràn ń gbẹ́rù, òmíràn ń ṣọ́nà, òmíràn ń tún ògiri ṣe.
Kékeré kan wà láàárín wọn
tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n so ó mọ́ ẹlòmíràn lára.
Àkísà ni. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bá a,
nínú ìwúkàrà, nínú ewé iṣu, nínú èmi, nínú ẹ̀yin.
Wọ́n so ẹyọ kan: kúrò níhìn-ín, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Wọ́n so ó ní ẹ̀wọ̀n, mẹ́rin, márùn-ún:
ọlọ ti gbọ́ orúkọ rẹ.
Ọlọ náà á lọ olúwarẹ̀ kúnná,
ṣùgbọ́n kì í lọ àkísà. Wọ́n á tú u,
wọ́n á fi í pamọ́ de ẹlòmíràn.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àkísà ò ṣe é sọnù.
Ta ló wá ń so ó?"
Ọwọ́ kan wà tó ń so ó.
"Ta ló ń tú u?"
Ọwọ́ mìíràn.
"Àwọn ọwọ́ náà ò jà?"
Wọ́n ń jà, Ìyá. Ìjà yẹn la fi wà láàyè.

Ó dákẹ́. Ó ń so àkísà kẹrin mọ́ adìẹ pupa, nítorí mi,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń gbọ̀n.
Láti ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń gbọ̀n.
Mo wò ó. N kò sọ ohun tí mo mọ̀:
pé nínú ọpọlọ àwọn ẹlòmíràn,
ọwọ́ tó ń so a máa ṣíwọ́,
ohun tó ti gbó kò ní rí ẹni sàmì sí i,
pàǹtí á kún àgbàlá dé ẹnu ọ̀nà,
onílé á wá máa gbọ̀n bí ewé.
Ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi láti máa wò nìyẹn,
láti Ajé dé Ẹtì.

Kùtù òwúrọ̀ ó pè mí.
Adìẹ pupa ti wọ inú agbọ̀n ògbólógbòó,
ó ti sàba lé ẹyin mọ́kànlá, ó wú ìyẹ́,
ó ń wò wá bí aṣọ́bodè.
Ìyá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà.
Mo nawọ́. Ó ní: "Fi sílẹ̀."
Kókó àkọ́kọ́ pẹ́ tó omi tí ń hó.
Èkejì.
Ẹ̀kẹta kò gbọ́; eyín ló fi tú u.
Ó fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ẹ̀wà la jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.
Láì wojú mi, ó ní:
"Àwọn tó ń so tèmi, ṣé wọ́n ti sùn ni?"
Mo ní mi ò tíì mọ̀.
Àkísà mẹ́ta wà lórí odi, oòrùn ń pa wọ́n.